Pẹtísọ̀n, Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Igi Àgbọn Fàúsátù

Opó ni Fàúsátù. Epo àgbọn tó ń sè ní Ọ̀jọ́, nílùú ọkọ rẹ̀, ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, orí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni igi àgbọn náà sì wà. Ní ọdún 1954, àwọn tó ń wọn ọ̀nà tuntun wá kan èèkàn sáàárín àwọn igi náà. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ tètè kọ̀wé.

Ẹjọ́ Fàúsátù kò gùn: kí wọ́n yí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Akíntọ́lá, akọ̀wé lẹ́tà tó ń gbé ní Ìba, ló bá a kọ ọ́. Àṣà wa nígbà náà ni pé kí a ka pẹtísọ̀n sókè fún ẹbí kó tó lọ. Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Fàúsátù, gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

“Ó yé mi díẹ̀. Òyìnbó tó lè yé irú wa, ṣé ó lè ba ajẹ́lẹ̀ lẹ́rù?”

“Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá,” ni Akíntọ́lá wí. “Màá da Látìn, èdè àwọn lọ́yà, sí i.”

Nígbà tó tún padà wá kà á, ọ̀rọ̀ ń dún gbì gbì bí ẹni ń já òkúta sílẹ̀. Kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí náà gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́.

“Akọ̀wé, igi mi dà níbẹ̀?” Fàúsátù bi í.

“Ó wà nísàlẹ̀, Ìyá.”

Èsì kò dé. Ọkọ̀ àwọn agégi ló dé. Fàúsátù sáré lọ sí ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, níbi tí Kọ́láwọlé ti ń ṣe akọ̀wé.

“Ìyá, igi lẹ ń sọ? A kà á títí, a rò pé ọbabìnrin lẹ ń kí. Wọ́n ti fọwọ́ sí ọ̀nà.”

Fàúsátù gba Ìba lọ. Ó wọ́ Akíntọ́lá lẹ́wù títí dé ìdí igi, níwájú òyìnbó tó ń darí iṣẹ́.

“Sọ fún un pé kó má gé igi opó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ!”

Akíntọ́lá ṣí fìlà, ó wú ọ̀fun, Látìn tún bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó wo àwọn lébìrà rẹ̀ bóyá ẹnìkan lè túmọ̀ rẹ̀; kò sí, ó ní kí wọ́n máa gé e lọ. Àáké lọ sílẹ̀.

“Ọ̀dájú!” Fàúsátù gbá Akíntọ́lá létí. “O fi igi mi ṣe fàájì ẹnu rẹ!”

Láti ìgbà náà, ọjà Ìjánìkin ló ti ń ra àgbọn tó fi ń se epo. Ọ̀nà tuntun yẹn ló ń gbà lọ, kò sì sí ìgbà tó gbà á tí kò fi Akíntọ́lá ṣépè.