Ọkọ Mi, Ọkọ́ Rẹ̀ àti Ojú Irin Àtijọ́

Ọkọ mi kì í rìn lásán. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ó ń lọ síbì kan ni: ọ́fíìsì ní Ìyànà Ọ̀fà níbi tó ti ṣe akọ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a gé ìwọ̀nba irun tó ṣẹ́kù sí i lórí. Bí kò bá sí ibi tó ń lọ, á jókòó síwájú ilé, á máa ka ìwé ìròyìn àná. Nínú ilé, “ẹ” ni mo fi ń pè é. Kó jọ̀ọ́ foríjì mí pé “ó” ni mo ń lò níbí. Bí mo bá bọ̀wọ̀ jù, n ò ní lè sọ òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ dókítà fi dùn ún ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Rọpárọsẹ̀ ló fọwọ́ bà á. Kò gbé e ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní Ìbàdàn sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń jókòó, ẹsẹ̀ yìí á gan, kò sì ní í gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́.”

Ọkọ mi ní, “Kí n máa rìn lọ síbo?”

Dókítà ní kò sí ibì kankan, kó ṣáà máa rìn. Nígbà tá a délé, ọkọ mi ní ọmọdé ni dókítà ọ̀hún, kò tíì mọ ayé. Fún àwọn ará àdúgbò, ó ní ibà ni òun ń tọ́jú, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gan báyìí náà, orí àga ló sì ti lo ìyókù ayé rẹ̀.

Títì wa kì í ṣe ibi tí aláìsàn ń rìn, nítorí eré àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ọkọ̀ ojú irin kò gbabẹ̀ mọ́, wọ́n ti hú irin ibẹ̀ lọ, igbó ti bò ó. Mo wá dìde nípàdé àdúgbò, mo ní ká tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ká ṣán an, kó di ibi tí tọmọdé tàgbà á ti máa nasẹ̀ jẹ́jẹ́.

Baálẹ̀ wò mí. “Ìyàwó wa,” (mo ti ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè mí) “ta ló máa wá nasẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ti oko dé ò tíì rìn tó ni?”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Síbẹ̀, àwọn èèyàn wa kì í sá fún ọ̀wẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ni ilẹ̀ gbà fún wa, wọ́n kó àdá jáde, àwa obìnrin se ẹ̀wà, wọ́n sì ṣán an láti ẹ̀yìn ilé wa dé orí afárá odò. A fi pákó ṣe bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀nà náà tẹ́jú, ó gún régé, ó wù mí bíi kí n sáré lórí rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí mo torí ẹ̀ ṣe é. Ó ní, “Kí n máa ju apá lọ, ju apá bọ̀? Wọ́n á ní orí mi ti yí.” Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó mú ọkọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. Ọkùnrin yìí, bó bá ti kọ ebè rí láyé rẹ̀, kò ṣojú mi. Ó rìn dé afárá, ó rìn padà. Bí wọ́n bá bi í pé, “Bàbá, ṣé oko ni?” á ní, “À ń gbìyànjú.” Ẹsẹ̀ ń rìn, iyì ò sì bàjẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì lọ ra ọkọ́ mìíràn fún ara mi.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń gbé ọkọ́ lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, láràárọ̀, ẹ ò ní bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó ti mọ̀ pé wọ́n ń pín ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ pẹ́ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo rí ebè àkọ́kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ebè ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Alájì tó múlé tì wá ti gbin pèrègún sí ààlà tirẹ̀. Obìnrin méjì ń jà sí ìdí bẹ́ǹṣì, oníkálukú ní ibẹ̀ lòun fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Àwọn kan tiẹ̀ kọ ebè dábùú ọ̀nà.

Ọkọ mi padà sórí àga rẹ̀. “Ṣó o rí i? Ọ̀nà ti di oko.” Inú rẹ̀ ń dùn, mo mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, inú bí mi débi pé mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìkúnlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń wọ́ lórí símẹ́ǹtì.

Ariwo ilẹ̀ dé etí Baálẹ̀, ló bá pe gbogbo wa jọ sórí ọ̀nà náà. Gbogbo ọwọ́ nà sí ọkọ mi, ẹni tó tún gbé ọkọ́ wá sípàdé.

Alájì ní, “Wàláì, ẹ̀yin la tẹ̀ lé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà sọ ibi tí tiyín dé.”

Baálẹ̀ ní, “Akọ̀wé, oko wo gan-an lẹ ń ro?”

Ọkọ mi ń wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé kó bínú sí mi títí ayé, màá sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, ó sì gbé ọkọ́ náà kalẹ̀.

“Kò sí oko,” ló wí. “Ẹsẹ̀ mi ni. Kì í ṣe ibà, rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ní bí n ò bá rìn, á gan. Ojú ló ń tì mí láti máa rìn lásán, ni mo ṣe ń gbé ọkọ́.”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, àwa tá a máa ń fi gbogbo nǹkan rẹ́rìn-ín. Alájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa pèrègún rẹ̀ tu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tú àwọn ebè tó dábùú ọ̀nà. Wọ́n fi èyí tó wà létí ọ̀nà sílẹ̀ o. A kì í ṣe áńgẹ́lì.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde lọ́wọ́ òfo. Apá rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, kò mọ ibi tí ì bá gbé e sí. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ṣẹ́gi. Alájì wà nídìí ilá rẹ̀. Ó nà ró, kò bi í níbi tó ń lọ. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Obìnrin tó wà níwájú díẹ̀ kúnlẹ̀ lórí ebè. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, “ẹ kú ìjókòó” ni gbogbo ayé ń kí i. Mo rí i tó dúró, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“O ò,” ló dáhùn, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì.