Ìyá Àgbà Kò Bá Wa Lọ sí Ìbàdàn

Òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi nígbà tí oorun gbé e lọ. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a ní Èrúwà. Iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Ìbàdàn ló ń lé e jáde kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì máa ń gbé e padà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí i, rọra gba òkèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Òórùn òrí àti èéfín igi kún inú yàrá.

"Ṣé o rí ìyá ẹ?" ó sọ fún mi láìgbójú sókè. "Ọ̀nà yìí fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi."

Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn. Tó bá di ọ̀sán, arúgbó àti ọmọdé ló kù nílùú, àtàwọn tó wà lóko ẹ̀gẹ́. Tíṣà, akọ̀wé, oníṣòwò, Ìbàdàn ti kó wọn lọ. Ìyá àgbà á gbé àpótí síta, á máa bó ẹ̀gúsí, á máa sọ bí wọ́n ṣe la títì tó lọ sí Ìbàdàn. Òun àtàwọn ìyàwó ilé yòókù ló ń pọnmi fáwọn tó ń da ọ̀dà.

"A jó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá," ló máa ń wí. "A rò pé èèyàn ló máa kó wá bá wa."

Nígbà tó yá, ìyá mi gba yàrá ní Ìbàdàn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́, òun ni mo ṣe ní kó o máa lọ. Èmi ò lè gbé ibi tí mi ò ti mọ ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri mi."

A lọ. Ìyá mi ń sùn dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Àmọ́ ará ilé wa kan láti Èrúwà wá sọ fún wa pé ìyá àgbà kì í dáná mọ́, gààrí ló ń mu láàárọ̀, òun náà ló ń mu lálẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, ìyá mi kó ẹrù wa sínú ọkọ̀.

Inú bí ìyá àgbà nígbà tó rí wa.

"Ta ló ní kó o padà wá? Mo fẹ́ kó o sinmi ni!"

"Mo sinmi, Màmá. Kò dùn mọ́ mi ni."

Ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Síbẹ̀, ó dáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ro ọkà tó pọ̀ ju èyí tí àwa mẹ́ta lè jẹ tán.

Ìyá mi ń lọ, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn títí Ọlọ́run fi pe ìyá àgbà. Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn báyìí, Èrúwà ni mò ń sùn. Mo máa ń rò ó nínú ọkọ̀, èwo nínú àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn èkejì jù, ẹni tó ní kí ọmọ òun lọ ni, àbí ẹni tó padà wá. Kí n tó rò ó jìnnà, oorun á ti gbé mi lọ.