Mo Ní Kí Kafáyà Máa Kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Níléèwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fà mọ́bí o! Mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí láti ìgbà táwọn ọmọ ti wọlé ní sáà yìí. Inú mi ń dùn débi pé ṣe ni mò ń sáré tẹ fóònù, torí náà bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ foríjì mí. Obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù, èmi kì í ṣe akọ̀wé.

Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Rófíà ni àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kafáyà ló tẹ̀ lé e, ọdún méjì ló wà láàárín wọn. Bàbá wọn ń wa tírélà, òun ló ń kó gbànja lọ sókè Ọya, nítorí náà èmi àtàwọn ọmọ la sábà máa ń wà nílé.

Lọ́dún tó kọjá, ní sáà kẹta, táífọ́ọ̀dù dá Rófíà gúnlẹ̀. A pẹ́ ní hospital débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ irú ọbẹ̀ tí mo máa ń sè! Ara ọmọ yá, ṣùgbọ́n ìdánwò ti kọjá, iléèwé sì ní àfi kó tún SS1 kà. Ó dùn mí. Àmọ́ ẹni tó ní ọmọ láàyè, kí ni ọdún kan?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Kafáyà yege JSS3, ó di ọmọ SS1. Rófíà ń ṣe commercial, Kafáyà náà ní commercial lòun fẹ́. Kíláàsì commercial kan ṣoṣo ló sì wà níléèwé wọn. Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kíláàsì kan náà, tíṣà kan náà!

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rù kí ló máa kọ́kọ́ bà yín? Ìwọ̀sí ni! Ẹnu Kafáyà mú bí abẹ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé tí mi ò bá tètè fi okùn sí i lẹ́nu, yóò gorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí oṣù tó pé. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, bí wọ́n tiẹ̀ jọ wà ní kíláàsì ọgọ́rùn-ún.

Ni mo bá pe àwọn méjèèjì jókòó nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí iléèwé wọlé, mo gbé òfin kalẹ̀. Kafáyà ni yóò máa gbé báàgì Rófíà. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni yóò máa pè é, kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Tó bá di break, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti gbé oúnjẹ fún un, kó má sì dìde títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi gbà á. Bí tíṣà bá wá béèrè ọ̀rọ̀, tí Rófíà ò tíì dáhùn, kí Kafáyà pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Kafáyà bi mí pé tí Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Mo wò ó lójú kan báyìí, ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì.

Rófíà dorí kodò. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ nínú ni!

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Rófíà. Kó ṣáà ti wọ yunifọ́ọ̀mù, inú á ti máa run ún. Mo ra oògùn aràn. Mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí ibà. Ìyá ọkọ mi fi àgbo ránṣẹ́ láti Ìlárá, àgbo tó korò débi pé èmi tí mo kàn tọ́ ọ wò, mo sáré wá ṣúgà! Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, Rófíà á jẹ ẹ̀bà, á tún bu òmíràn. Ẹ ò rí i? Ó hàn kedere lónìí, àmọ́ nígbà náà, mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mo tiẹ̀ pariwo mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ kan pé irú inú wo ló ń wo kàlẹ́ńdà kó tó run èèyàn! Ọmọ náà wọ bàtà rẹ̀, ó jáde láìjẹun. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Àǹtí Dúpẹ́ ni, tíṣà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn níléèwé wọn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ní Wẹ́síndeè, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi méjèèjì ni. Méjèèjì kẹ̀? Mo sọ fún ara mi pé Kafáyà ti rú òfin.

Mo gun ọ̀kadà lọ, mo sì débẹ̀ ṣáájú àkókò tí wọ́n dá fún mi. Ìgbà break ni. Mo ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì wọn kọjá, kí n fi ojú ara mi rí i bóyá wọ́n ń pa òfin mi mọ́. Mo yọjú lójú fèrèsé.

Wọ́n ń pa á mọ́ o! Kafáyà wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kúlà ìrẹsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ yín rè é." Inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ mi gbẹ̀kọ́!

Kí n tó pa ẹnu dé, ọmọkùnrin mẹ́ta ti dìde láti ẹ̀yìn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n àgbà! Ẹ̀gbọ́n gbogbo kíláàsì! Ẹ kú àtijọ́ ní SS1!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Rófíà ò bú wọn, kò gba kúlà. Ó gbé orí lé tábìlì, ó fi apá bo ojú. Kafáyà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè dìde. Ṣé ẹ rántí pé mo ní kó má dìde títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi gbà á?

Mo di irin fèrèsé mú.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì Àǹtí Dúpẹ́, mo wá ìjókòó. Ó fún mi lómi mu, ó gbé ìwé ìdánwò Economics Kafáyà síwájú mi. Mẹ́fà nínú ogún! Kafáyà tó gba ipò kìíní ní JSS3! Àǹtí Dúpẹ́ ní kí n wò ó dáadáa. Ọmọ yìí ti kọ ìdáhùn tó tọ̀nà, ó wá fi bírò fa igi lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Kafáyà jẹ́wọ́ pé òun yọjú wo ìwé ẹ̀gbọ́n òun, òun rí i pé àwọn ìdáhùn kan ò tọ̀nà, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé tòun kóun má baà gba máàkì jù ú lọ. Ó ní ṣebí Mọ́mì ló ní kóun má ṣíwájú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ẹlòmíì ń jí ìwé wò kó lè yege, tèmi ń jí i wò kó lè féèlì!

Àǹtí Dúpẹ́ wá bi Rófíà pé kí ló fẹ́. Mo la ẹnu kí n bá a dáhùn, Àǹtí Dúpẹ́ gbé ìka kan sókè sí mi, mo sì panu mọ́. Kò rọrùn fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ẹ mọ̀!

Ó pẹ́ kí Rófíà tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ṣe iléèwé mọ́. Ó ní òun ti bá Àǹtí Bọ̀sẹ̀ sọ ọ́, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ògìjò, wọ́n sì ti jọ fi àdéhùn sí ìparí oṣù pé òun á máa bá wọn di ọjà sínú páálí. Ó ní ní Ògìjò, kò sẹ́ni tó mọ kíláàsì tóun wà.

Ìparí oṣù! Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù!

"Mọ́mì," ló wí, "gbogbo ìgbà tí Kafáyà bá kúnlẹ̀, ṣe ló ń rán wọn létí pé mo ripíìtì. Tó bá kàn jókòó bí àwọn yòókù, wọn ì bá ti gbàgbé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo rò pé mò ń gbé e níyì! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Rófíà, má bínú. Èmi ni mo ṣe é." Mi ò sọ irú rẹ̀ fún ọmọ rí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ pàápàá ò sọ ọ́ fún mi títí tó fi kú. Mo sọ ọ́, ilẹ̀ ò sì lanu.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní kí Kafáyà máa pe òun ní Rófíà níléèwé, kó máa dáhùn ìbéèrè bó bá ṣe mọ̀ ọ́n, òun á sì máa fi ọwọ́ ara òun gbé oúnjẹ òun. Ti orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kò tètè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Àmọ́ mo ro Ògìjò. Mo ní ó ti dáa, kí ìkúnlẹ̀ dúró sílé. Àǹtí Dúpẹ́ ní òun á rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn, Rófíà yóò sì máa wá jókòó ti òun díẹ̀ ní gbogbo Túsìdeè.

Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó pè mí láti Ìlárá, ó fi èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ bi mí bóyá a ti di òyìnbó. Ọkọ mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ọjọ́ kan náà ni gbogbo obì orí igi ń gbó ni? Màmá ní ká ṣáà máa fún Rófíà ní àgbo.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀ yanjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ṣì run ún. Ó fi inú rírun yẹn lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó run ún lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí oṣù dé, Àǹtí Bọ̀sẹ̀ sì kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń gbọ́. Rófíà lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí wọ́n máa lọ ná, àwọn ní test. Máa lọ ná! "Ná" yẹn ò jẹ́ kí n sinmi fún ọjọ́ mélòó kan.

Ó wá di Tọ́sìdeè tó kọjá.

Mò ń ṣa obì lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà Economics wọn pè, tìbínútìbínú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa bọ̀ kíá, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti da kíláàsì òun rú. Mo fi obì sílẹ̀ láìbò, mo sáré bọ́ sí títì. Àwọn oníbàárà mi rò pé iná ń jó ibì kan!

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gé koríko lẹ́yìn staff room, wọ́n gbé ojú fún ara wọn. Tíṣà mú mi wọ kíláàsì, ó nawọ́ sí bọ́ọ̀dù. Wọ́n kọ orúkọ àwọn noisemaker síbẹ̀. Rófíà ló wà lókè pátápátá, wọ́n tún kọ "times three" sí i! Ó ní ọ̀rọ̀ demand àti supply lòun ń kọ́ wọn. Kafáyà dáhùn, Rófíà dìde, ó ní irọ́ ni, pé ọmọ ọlọ́bì ni òun, wọn ò lè kọ́ òun ní bí ọjà ṣe ń wọ́n. Kafáyà ní, "Rófíà, ìwọ lo ò gbọ́ ìbéèrè!" Ni kíláàsì bá pín sí méjì. Ó ní ọ̀kan lára àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ń gbè sẹ́yìn Rófíà, débi pé àwọn JSS òdìkejì ò gbọ́ ohun tí tíṣà wọn ń sọ mọ́.

Mo bi í pé Rófíà? Rófíà tèmi? Òun ló pariwo? Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní JSS?

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Alhamdulillah! Mo ké e jáde! Mo ní kí Ọlọ́run bù kún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú bọ́ọ̀dù. Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò mí. Àǹtí Dúpẹ́ yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó rí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì pa á.

Mo bẹ tíṣà, mo ní kí wọ́n gé koríko wọn tán, ìyà ni ìyà ń jẹ́. Bí mo ṣe ń lọ sí géètì, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi tí wọ́n ṣì ń jà lórí supply.

Ohun tí mo kọ́ rè é. Mo fẹ́ fún ọmọ mi ní ọ̀wọ̀, mi ò sì bi í léèrè irú ọ̀wọ̀ tó wù ú. Díẹ̀ ló kù kí n fi ọ̀wọ̀ lé e dé Ògìjò! Bí inú ọmọ yín bá ń run ún láti Mọ́ńdeè dé Fúráìdeè, tí ara rẹ̀ ń yá ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oògùn aràn sílẹ̀, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì panu mọ́ títí tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Ó yá o, ẹ̀yin òbí. Kí ni ẹ̀yin náà ti fi ìfẹ́ ṣe fọ́mọ yín, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń dun ọmọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Èmi ti jẹ́wọ́ tèmi. Ta ló kàn?