Àmì Tí Mo Mú Lọ sí Oǹdó

Ẹni tó bá ń dá gbé yóò mọ̀ pé iyán kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Ta ni yóò gún un, ta ni yóò sì pe ta wá jẹun? Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọkọ mi lọ sí Oǹdó ni mo ti da odó bolẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé wa ní Àkúrẹ́, adìẹ aládùúgbò sì ti sọ ọ́ di ibùjókòó. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, mo máa ń gbá èérún rẹ̀ jọ, mo máa ń nu tábìlì, ilé á wá dákẹ́ títí n ó fi tan rédíò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé: lójú ọkọ mi, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó", kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọkùnrin méjì ni mo fẹ́. Òun ní tirẹ̀, "ìwọ" ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti mọra, ó sì dùn mọ́ mi létí bẹ́ẹ̀.

Oǹdó ni wọ́n bí i sí, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí èmi sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì máa ń ka Bíbélì sétí ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí à ń lọ. A bí ọmọ méjì. Àwọn méjèèjì ti sọdá òkun, ojú fóònù la ti ń rí wọn. Lẹ́yìn tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lórí rẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi kaná, yóò sì jáde fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàkà dé, mo bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ọlọ́kadà kan ló rí i nítòsí Ọjà Ọba, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń béèrè ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dá gbé ilé bàbá wọn ní Oǹdó, ló wá mú un. Ẹ̀gbọ́n ní ènìyàn kì í ṣìnà níbi tí wọ́n ti bí i. Èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lójúmọmọ. Mo gbà, a sì jọ fẹnu kò pé bí mo bá ti fẹ̀yìn tì, n ó wá mú ọkọ mi.

Kò sí ibi tí mo ti ń mọ̀ pé mo dá wà tó ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti ọkọ mi ń jókòó sí látọdúnmọ́dún. Mo máa ń gbé báàgì mi sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti wọra, wọn yóò bẹ̀ mí kí n gbé e kúrò kí ẹni tó pẹ́ dé lè rí ibi jókòó. Àwọn ìyá ìjọ náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ti gbìyànjú. Fi í sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́ mọ́?" Mo dá wọn lóhùn pé lọ́jọ́ tí a dúró níwájú pẹpẹ, àlùfáà kò bi mí pé ṣé yóò máa mọ̀ mí. Ó bi mí pé ṣé n ó dúró tì í nínú àìsàn àti nínú ìlera, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, etí gbogbo wọn ló ṣe. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí bíi bàbá mi. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo jókòó sórí àga tí mi ò tíì tú gèlè, mo sunkún.

Àdúrà òwúrọ̀ pàápàá ti yí padà. Nígbà tí ọkọ mi wà nílé, òun ló máa ń dá orin, àwa méjèèjì á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun á gbàdúrà, èmi á ṣe àmín. Nígbà tí ó lọ, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń jókòó sí gbàdúrà. Orúnkún mi kò gba sìmẹ́ǹtì mọ́, àmín tí ènìyàn sì ń ṣe sí àdúrà ara rẹ̀ kì í ròkè.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì gan-an ni mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ní Òwènà, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́ bo ọkọ̀ wa bí ìṣe wọn, mi ò ra nǹkan kan. Wọ́n sá kòkó sí ẹ̀bá títì lẹ́yìn ibẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba inú ọkọ̀. Mo ń ronú ohun tí n ó sè fún un tí a bá délé.

Ẹ̀gbọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ìdí tí mo fi wá, ojú ẹ̀gbọ́n le díẹ̀. "Àbúrò mi kì í ṣe ẹrù," ẹ̀gbọ́n wí. "Bí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé ọ, mú un máa lọ, màá sì gbàdúrà fún yín. Bí kò bá fẹ́, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipá gbé e." Òótọ́ ni. Mo kàn mọ̀ pé bí kò bá tẹ̀ lé mi, búrẹ́dì ni n ó máa jẹ títí n ó fi kú.

Ọkọ mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ní gbogbo ìgbà tí mo máa ń wá wò ó, "ìyá ìjọ" ló ń pè mí, mo sì ń gbà á bí eré. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra fa ọwọ́ náà yọ.

"Ẹ má bínú o, mà," ó wí. "Èmi kì í jẹ́ kí obìnrin dì mí lọ́wọ́ mú. Mo ti gbéyàwó."

"Mo mọ̀. Èmi ni ìyàwó yín."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Ìyàwó mi wà ní Àkúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹ sọ yìí. Ẹnu rẹ̀ mú."

Ọkọ mi kò pè mí ní "ẹ" rí láyé. Ó dùn mí ju bí ẹni pé ó lé mi jáde lọ. Mo yọ fọ́tò ìgbéyàwó wa nínú báàgì, mo nà án sí i. Ojú rẹ̀ là. "Òun nìyí!" ó ní. Lẹ́yìn náà ó fura. "Níbo ni ẹ ti rí i?" Ó fi fọ́tò náà sí àpò àyà rẹ̀, kò sì dá a padà fún mi. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ògiri. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń rẹ́rìn-ín ni o, bí ẹ̀gbọ́n bá ń sunkún ni o, mi ò mọ̀.

Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ padà. Inú bí mi. Ọkùnrin mìíràn a gbàgbé ìyàwó rẹ̀ kí ó lè ráyè fún òmíràn. Tèmi gbàgbé ojú mi, ó wá ń tìtorí mi lé mi lọ. Mo ti di orogún ara mi, ìyálé mi sì wà nínú àpò àyà ọkọ mi, ó rẹwà, kò léwú kan lórí. Mo jowú rẹ̀. Kí n má purọ́, mo jowú rẹ̀ gan-an.

Bí mo ṣe ń fọ ife tíì mi lọ́jọ́ kejì ni mo rántí àmì. Ẹni tó bá dàgbà kí fóònù tó dé yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n gba nǹkan wá lọ́wọ́ ìyá wọn nílé, wọn á ní, "Sọ fún màmá pé èmi ni mo rán ọ, àmì ni pé ẹ̀fọ́ àná jóná." Ẹni tó se ẹ̀fọ́ náà àti ẹni tó jẹ ẹ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá mú àmì dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ọwọ́ òfo lo máa gbé padà, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọkọ mi kò ní tẹ̀ lé àjèjì obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ránṣẹ́ ńkọ́?

Mo háyà tasí kan lọ, mo ní kí ó dúró dè wá lójú pópó. Mo lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo kí i bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Sà, ìyàwó yín ló rán mi láti Àkúrẹ́. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ wálé."

Ó nàró lórí àga. Olùkọ́ jí nínú rẹ̀. "Kí ni àmì?"

Mo ti múra sílẹ̀. "Àmì ni pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ìdọ̀tí ta sí aṣọ rẹ̀."

"Gbogbo ìjọ ni òjò yẹn pa."

"Àmì ni pé òwúrọ̀ Àjíǹde lẹ bí àkọ́bí yín."

"Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Àlùfáà tó ṣèsọmọlórúkọ mọ̀ ọ́n."

"Àmì ni pé ẹ kì í jẹ ilá."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yẹn ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìyàwó mi." Ó tún fẹ̀yìn ti àga. Ó ti já mi kulẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò kàwé.

Ẹ̀rù bà mí wàyí. Odindi ìgbéyàwó wa ni mo ń tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, mi ò rí ohun tó jẹ́ tàwa méjì nìkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo ṣe ohun tí obìnrin ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá tán. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Bí orúnkún mi ṣe kan sìmẹ́ǹtì, ìrora ta mí, mo sì rántí.

"Àmì ni ìrọ̀rí," mo wí.

Ó tún nàró lórí àga.

"Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, ní gbogbo òwúrọ̀, kí ẹ tó dá orin, ẹ máa ń fa ìrọ̀rí tiyín yọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un kí ó kúnlẹ̀ lé e. Sìmẹ́ǹtì lásán lẹ̀yin máa ń kúnlẹ̀ sí. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun kò dúpẹ́ rí, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí òun dúpẹ́."

Ọkọ mi dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "níbo ni bàtà mi wà?" Ó wá yíjú sí mi. "Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ èyí látàárọ̀? Ẹ dìde ńlẹ̀, kí orúnkún tiyín náà má lọ bà jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀gbọ́n di ẹrù rẹ̀, ó gbàdúrà fún wa lójú pópó.

Iwájú tasí ló jókòó, ó ní kí èmi jókòó sẹ́yìn, kí ojú ayé lè gún. Ní Òwènà ó ní kí dírẹ́bà dúró. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan, èmi ni mo sanwó, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Ó fẹ́ràn rẹ̀," ó ní. "Ẹ bá mi mú un dáadáa." Mo gbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mọ́ra títí a fi wọ Àkúrẹ́.

Nígbà tí a délé, ó yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan. "Ó dà?"

"Ó jáde ni," mo wí. "Ó ń bọ̀."

Yàrá àwọn ọmọ ni mò ń sùn báyìí, nítorí ilé ọkùnrin tó níyàwó ni mo wà. Mo ti gbé odó nàró, adìẹ ti wá ibòmíràn lọ. Mo ń gúnyán, ọkọ mi ń jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bu ti ìyàwó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí a dé e. Bí ó bá ti lọ sinmi, mo máa ń lọ sí kíṣìnì, màá jẹ tèmi, màá sì jẹ ti ìyàwó rẹ̀ náà. Mo ti ń sanra.

Mo rò pé bí ó bá ti wà nílé, n kò ní dá wà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gbọ́ ìró bàtà ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí àárò rẹ̀ sì máa sọ ọ́. Síbẹ̀, mi ò ní gbà kí wọ́n mú un padà.

Ní òwúrọ̀ àná, mo gbọ́ tí ó dá orin. Mo lọ sí yàrá wa, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sórí sìmẹ́ǹtì. Ìrọ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó ti fọwọ́ gbọn ọ́n kí ó lè rọ̀. Ọkàn mi fò sókè. Mo sún mọ́ ọn, mo fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó wí pẹ̀lú sùúrù. "Ẹ má kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ti ìyàwó mi ni."

Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí náà, sórí ilẹ̀ lásán. Ó di ojú rẹ̀. Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ, ó gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbàdúrà fún èmi tí mo bá a wá láti Oǹdó, pé kí Ọlọ́run san án fún mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olúwa, ibikíbi tí ìyàwó mi bá wà, mú un padà wálé fún mi ní àlàáfíà."

Orúnkún mi ń ta mí. Mo ṣe àmín, mo sì ṣe é sókè kí ó lè gbọ́.