Àwọn Tó Yá Bàbá Wa Lò

Ìyá Máfòyà ni àwọn ọmọléèwé ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tẹ̀wé, tó ti ń ṣe fótókópì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èmi àbúrò rẹ̀ ń jókòó sí tí mo ń di ìwé pọ̀. Kò sí wàhálà téèyàn gbé wọlé tí kò ní sọ pé, "Má fòyà." Iná lọ? Má fòyà. Ẹ̀rọ jẹ bébà? Má fòyà. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi jàre.

Àánú ló ń ṣe é. Ọmọ tí kò bá tíì kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ á sáré wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á wá èyí tí ẹlòmíì kọ jáde nínú kọ̀ǹpútà, á yí orúkọ orí rẹ̀ padà, ó parí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ oníṣẹ́ mà nìyẹn. Olè ni."

Ó ní, "Olè kẹ̀? Ṣé tẹni tó ni ín ò ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Jẹ́ n gbọ́ràn!"

Àfìgbà tó kan ọmọ tirẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí àgbàlagbà kan nílé wọn, ọmọ náà sì kọ ti bàbá wa. Onígbàjámọ̀ ni bàbá wa, oorun sì ni ọ̀tá rẹ̀. Á máa gẹrun lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọkọ ìyàwó kan wà tó gẹrun fún dé ìdajì kó tó sùn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin ọ̀hún ṣe lọ gbéyàwó. Àròkọ yẹn dùn! Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, ó fi í pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì náà ya wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òógùn lójú, ẹ ti mọ ohun tó sọ fún wọn.

Tíṣà ránṣẹ́ pè wá. "Ìdajì kíláàsì mi ló ní bàbá àgbà tó ń sùn lórí irun! Ọkọ ìyàwó kan náà ni gbogbo wọn gẹ̀! Òdo ni fún gbogbo wọn, ẹni tó gba òdo ò sì ní gòkè sí kíláàsì tó kàn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mà, tọmọ mi ni. Èmi ni mo há a fún wọn."

"Ẹ̀yin ìyá ẹ̀, kí lẹ ò ní sọ?"

Ọmọ náà sunkún títí ó fi ń ṣe òsúkè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ò rí "má fòyà" sọ. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo mú bàbá wa lọ síléèwé, tòun ti kílípà rẹ̀.

Bàbá wo kíláàsì náà yíká. "Wọ́n ní mo ní ọmọ-ọmọ rẹpẹtẹ níbí. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ tò, kí n gẹrun fún yín." Ó wá la ẹnu gbàgà, ó yán.

Ha! Àwọn tó ti fọwọ́ sí i pé bàbá àwọn ni bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn tábìlì. "Bàbá wa kọ́ o!" "Mi ò tiẹ̀ ní bàbá àgbà!" Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Ọmọ wa nìkan ló jókòó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì ń pa dé. Ọmọ náà, tó mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń jí i, kàn ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe fẹ́ Màmá àgbà?"

Ojú Bàbá là rekete. "Ta ló fẹ́ ta? Òun ló ń lé mi kiri!" Ló bá ń gẹ̀ ẹ́ lọ.

Tíṣà kọjú sí ọmọkùnrin kan. "Kí ló dé tí ìwọ ò kọ ìyẹn sínú tìẹ?"

"Kò sí nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ fún mi, mà."

Ẹ̀rín sọ! Tíṣà fi ẹ̀rín pa òdo ọmọ wa rẹ́, ó ní kí àwọn yòókù lọ wá àgbàlagbà tiwọn. Àmọ́ ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé láti bi Bàbá ní ìbéèrè mìíràn. Bàbá ti sùn lórí ìdúró.

Bí ọmọ náà ṣe dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì nìyẹn, Bàbá sì tún ti sùn lọ lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta, ó já kílípà gbà lọ́wọ́ mi. "Jókòó kí n bá ẹ gẹ ìyókù!"

Ọmọ náà fọwọ́ méjèèjì bo orí. "Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ Bàbá ni. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á parí ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì rọra gbé kílípà sílẹ̀.