Káfíńtà Tí Olórí Sọ Di Ajórin

Èérún pákó kì í kúrò nínú irun ìmú ọkùnrin yìí. Tó bá sín, ẹni tó bá wà nítòsí á yára bojú. Láti kékeré ló ti ń ṣe káfíńtà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Pákó.

Ohun méjì ló fẹ́ràn láyé: igi tó gbẹ dáadáa, àti Olórí, olóṣèlú tó ń ṣàkóso ìlú wọn. Kàlẹ́ńdà tí àwòrán Olórí wà lórí rẹ̀ ti gbó lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ inú rẹ̀ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ yọ ọ́. Bí iná bá lọ, á ní Olórí ń fún ojú àwọn nísinmi ni. Ọ̀dà tí Olórí ṣèlérí láti dà sí títì ò dé, ó ní títì tó bá dán jù ló ń mú kí olè tètè wọlé. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọge tó ń dirun fún àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, á fi kóòmù bo ẹnu kí bàbá má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Olórí wá tọrọ ìbò ládùúgbò náà. Ọ̀gá Pákó wọ aṣọ tó le gbandi, ó gba iwájú èrò, ó gbé ayùn sókè bí ẹni gbé àsíá. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Olórí dé ọ̀dọ̀ wọn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ajórin wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Irú yín la fẹ́.”

Ó sì kọjá lọ.

Ọmọge ń dúró kí bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ yẹn, kò fi kan omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kó ayùn, òòlù àti ìfági sínú àpótí, ó tì í pa.

“Ayùn ló wà lọ́wọ́ yín, Bàbá wọn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ó kàn ṣì yín mú ni.”

“Ẹ̀yin ń wo ọwọ́. Olórí ń wo ọkàn.”

Ó bá kọjá sí òdìkejì títì sọ́dọ̀ ajórin gidi tó ń fi iná so irin pọ̀, ọkùnrin gbọọrọ kan tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló ń ṣe. Ajórin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà láti kọ́ ọ níṣẹ́, torí ó fẹ́ máa rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí ojú Ọ̀gá Pákó fi pọ́n, tí iná sì jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Irin ojú fèrèsé tó kọ́kọ́ jó wọ́ bí ìlà ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ ń fi í sá abọ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá obìnrin ilé-ìwé dé. Ó fẹ́ ṣe àga tuntun fún gbogbo kíláàsì. Irú iṣẹ́ yìí ló ń mú kí ṣọ́ọ̀bù náà ṣí sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Tó bá bọ́, kí wọ́n máa wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa dá padà fún onílé.

“Mà, mi ò ṣe pákó mọ́,” ni Ọ̀gá Pákó wí. “Olórí ti sọ ẹni tí mo jẹ́.”

“Ṣé wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ni?”

“Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.”

“Ẹ kú oríire. Tó bá di ọ̀la tí mi ò gbúròó yín, mo ń lọ bá káfíńtà míì. Àwọn ọmọ mi ò lè jókòó sórí iná.”

Ìyá ọmọge bẹ̀bẹ̀, ìyá bínú, ìyá sunkún. Gbogbo bó ṣe ń ṣàlàyé àṣìṣe Olórí tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń le sí i. Ọmọge wò ó títí, ó wá rí i pé bàbá òun ò wá òótọ́ kankan. Ọ̀nà tí Olórí á fi jàre ló ń wá. Ó dáa, òun á wá ọ̀kan fún un.

Ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, mo ń ronú sí ọ̀rọ̀ Olórí.”

“Ìwọ? Ìwọ tó ò ń fi kóòmù bo ẹnu? Ṣé o rò pé mi ò rí ọ?”

“Ẹ má bínú, sà. Ṣé ó ní kí ẹ má ṣe káfíńtà mọ́?”

“Ajórin ló pè mí.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ayùn lọ́wọ́ yín. Ẹni tó rí ọkàn, ayùn ni ò ní rí? Tó bá fẹ́ kí ẹ jù ú nù, ṣé ẹnu rẹ̀ ò lè sọ ọ́ ni?”

Bàbá yíjú sí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

“Káfíńtà tí ẹ jẹ́, ó ti mọ ìyẹn. Èyí tó kù ló fi kún un. Àga ilé-ìwé, ibo ló kọ́kọ́ máa ń kán lára rẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ ni.” Ó gbójú sókè. “Ẹsẹ̀ irin… lábẹ́ pákó.”

“Èmi ò sọ nǹkan kan o.”

“Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́,” ni bàbá tí kò sọ ọ́ rí láyé wí. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí. “Sáré lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Kí ló dé tó o ṣì dúró?”

Nígbà tí ajórin òdìkejì títì rí bí irin bàbá ṣe ń wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun bá wọn jó ẹsẹ̀ àga náà, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ má baà ṣubú. Bó ṣe ń làágùn níwájú iná ni Ọ̀gá Pákó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, “Ẹ wò ó. Kò mọ̀ ni, Olórí ló ń ṣiṣẹ́ fún.”

Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ rẹ̀ débi pé ó gba fìlà ẹgbẹ́ Olórí wá fún un. Fìlà náà tóbi, ó bo etí. Ọmọge ò lè kọ̀ ọ́. Òun ló kúkú fi ẹnu ara rẹ̀ fà á, ó sì ń yà á lẹ́nu bí ìyìn Olórí ṣe rọrùn láti sọ tó. Fìlà yìí ló wà lórí rẹ̀ tó ń fọ abọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ rọra wọlé, tó wo ẹ̀yìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ọmọ mi, ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí bàbá rẹ ní òun máa tún ṣe yìí. Ǹjẹ́ Olórí ò ti sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn báyìí?”

Ọmọge nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún fìlà orí rẹ̀ ṣe.

“Ẹ jẹ́ n ronú sí i, Màámi.”