Ohùn Màmá Mi Nínú Dísìkì

Nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ̀ǹpútà ní àdúgbò wa ní Ìlá. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà là ń pè é, òun náà sì gba orúkọ yẹn bí ẹni gba oyè. Ó ti lo ọdún díẹ̀ ní Ìbàdàn níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà dé, ó gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Gbogbo ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ló ń ta sánsán ata rodo. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn pé òun ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ìwé òkú, fídíò àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nínú wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà "ẹ" ni mo máa ń sọ sí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí níbí báyìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" tí ọkàn mi fẹ́.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, orí rẹ̀ pé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, kò rà wọ́n lọ́wọ́ òyìnbó kankan. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí káàdì bá jáde dáadáa lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la, ó ti fi òdòdó yí i ká, ó ti sọ lẹ́tà di wọ́gọwọ̀gọ, orúkọ ọkọ ìyàwó ò sì ní ṣeé kà mọ́. Ọ́púdéètì ló ń pe ìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní ètò kan tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fídíò. Ètò yẹn ṣiṣẹ́ fún bàbá arúgbó kan tí wọ́n sin ní Ọ̀rà, gbogbo ayé ló yìn ín. Ló bá tún un ṣe. Fídíò tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìgbéyàwó kan ní Ìrèsì. Àwọn mọ̀lẹ́bí kó ara wọn jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó yọ nínú aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ sì yọ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀: Ó dàárọ̀, ó di ojú àlá. Àwọn ará Ìrèsì gun alùpùpù wá bá a. Ó jáde sí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbà wọn, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀dà àtijọ́ ló fa àṣìṣe náà, pé ẹ̀dà tuntun ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ gbọ́ mi o, inú ẹ̀dà tuntun gan-an ni àṣìṣe ti wọlé! Èyí àtijọ́ kò ṣe ẹnì kankan ní ibi. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Ẹ óò wá bi mí pé, báwo ni irú ìdílé tiwa, tí a rí gbogbo èyí, ṣe tún kó sí i lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Àkọ́bí Màmá ni, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ó ti lọ sí London kí n tó parí ilé ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń wá déédéé, fọ́tò rẹ̀ nínú yìnyín ń wá. Nígbà tó yá, lẹ́tà dẹ̀ díẹ̀, nígbà tó tún yá, a ò rí nǹkan kan mọ́. Àwa náà kọ̀wé títí, ìwé wa ò padà, èsì ò sì dé. Màmá kì í sọkún lójú wa. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, wọn á pè é ketekete bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kejì, wọn á sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí orúkọ tèmi.

Ìgbà tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gbọ́ èyí ló wá sílé wa. Ó ní òun ń ṣe ojú ìwé kan fún ìlú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé bí fọ́tò Màmá bá wà níbẹ̀, kò sí bí ọmọ wọn ò ṣe ní rí i, nítorí pé gbogbo ilé ní London ló ní kọ̀ǹpútà. Màmá bi í bóyá àwọn òyìnbó ò ní já fọ́tò náà jù sígbó lójú ọ̀nà. Ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Màmá wọ aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn, a sì ya fọ́tò lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fún un níṣu, wọ́n fún un ní epo.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé náà ṣe délé ayé. Ó pè wá wá wò ó: ẹnubodè ààfin wà lókè, ìkíni wà lédè òyìnbó, Màmá wà nísàlẹ̀, wọ́n gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Ó dáa. N kò ní sọ pé kò dáa. Ó gbé e sínú dísìkì, ó so dísìkì mọ́ àyà, ó gun alùpùpù, ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kiri láti Ìlá dé Ìrè. Bó bá ti rí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, á ti dísìkì bọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n wá wo bí ìlú wa ṣe dé gbogbo àgbáyé. Wọ́n ní ògbó, àdá tí àwọn baba ńlá wa gbé dání, ló mọ̀nà tó fi mú wọn débí. Dísìkì tiẹ̀, àfi kí èèyàn gbé e pọ̀n.

Kò pẹ́ tí ọ́púdéètì fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀dà kejì, ọkọ̀ òfuurufú kan ń fò kọjá lókè ààfin láìdáwọ́ dúró, ìkíni ń ṣẹ́jú pìrìpìrì, fọ́tò Màmá sì ti kéré bí èékánná. Mo ní ẹ̀yin, ta ló fẹ́ rí ọkọ̀ òfuurufú? Ó ní èmi ò mọ ohun tó lòde. Màmá kò bínú. Ohun tí wọ́n bi í ni pé, ṣé ọmọ àwọn ti rí ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Á ti rí i, Màmá. Kò sí bí kò ṣe ní rí i."

Màmá ronú sí i. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ní kí n bá àwọn bi í bóyá ohun tó ṣe yẹn lè gba ohùn.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ wa kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Bí ọmọ bá bínú tó kọ oúnjẹ, ìyá rẹ̀ á kì í, á sì jẹun. Bí ọkùnrin bá fẹ́ já ara rẹ̀ kulẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, ìyá rẹ̀ á kì í, orí rẹ̀ á wú, á padà wálé. Fọ́tò lè jọ ẹlòmíràn, lẹ́tà lè sọnù, ṣùgbọ́n oríkì lẹ́nu ìyá tó bíni, a kì í gbọ́ ọ ká má dáhùn. Àwọn àgbà wa máa ń sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tó bá gbọ́ tó dákẹ́, ó ti kú ni, tàbí ó ti kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Inú Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wá. Màmá jókòó, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọ́n kì í láti ìdílé bàbá rẹ̀, wọ́n kì í dé orírun tiwọn, wọ́n bi í léèrè ibi tó wà, wọ́n ní òjò pa igi ọsàn, òjò pa ilé, kò sí ọkùnrin tó máa tún òrùlé ṣe. Omijé ń bọ́ lójú mi. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ń wo aago.

Ó ní ó gùn jù, dísìkì ò ní gbà á. Ó lọ gé e. Nígbà tó máa fi gbé ẹ̀dà kẹta wá, ohun tó kù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé Màmá wúkọ́, wọ́n pe oríkì àbísọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan, gbólóhùn kan tẹ̀ lé e, ó parí. Ohùn náà sì tín-ín-rín bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò níbẹ̀. Màmá ní kí n jókòó. Wọ́n ní oríkì àbísọ ẹ̀ẹ̀kan tó, bó bá gbọ́ ọ, ó ti mọ ẹni tó ń pè é.

Ẹ̀dà kẹrin ló wá ní ẹ̀rọ tó ń ka àlejò. Nọ́ḿbà kan wà nísàlẹ̀, ó ní ẹni yòówù tó bá wo ojú ìwé náà lágbàáyé, nọ́ḿbà yẹn á fò sókè. Ó ṣí i lójú wa, ó fò. Ó pa á, ó tún ṣí i, ó tún fò. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ń wọlé! Ọmọ yín wà nínú wọn, mo lè búra." Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo nọ́ḿbà, mo ní nínú ara mi pé ọ̀gbẹ́ni yìí ló ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ tó tún ń sọ fún ara rẹ̀ pé káàbọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èmi mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà? Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń yí padà. Wọn ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́tà mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ará London, wọn á ní "Ó wà," wọn á sì wọlé. Oúnjẹ wọn dín kù. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo ṣàkíyèsí nínú àdúrà àárọ̀ pé orúkọ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo rò pé ara ló ń rẹ̀ wọ́n, mo ra àgbo ibà fún wọn. Gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ṣì ń gbé ẹ̀dà bọ̀, Màmá sì ń wò wọ́n.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé àdírẹ́sì tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kọ fún mi fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀, ó wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mi, òfo ni. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, ṣé ẹni tó ṣe é ti gba àyè tó máa gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣì wà? Òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀, aásà tí kò ní káún! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá mi kiri lórí alùpùpù nìyẹn?

Nígbà tí mo padà dé Ìlá, n kò yà sílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ tààrà, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo rò pé ojú máa tì í. Ojú ò tì í rárá. Ó fà mí síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò tíì gbé e jáde lóòótọ́, nítorí pé kò tíì pé. Ó ní ó ku àtúnṣe díẹ̀ síbi ọkọ̀ òfuurufú. Mo bi í pé kí ló dé tó ń búra fún ìyá mi pé ọmọ wọn ti rí i. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ṣé o fẹ́ kí n gbé ohun tí kò tíì dáa síwájú gbogbo ayé ni?" ló wí. "Bó bá ti jáde, ó máa rí i. Ohun kan náà kọ́ ni?"

Mo bú u. Mo bú u dé ibi tí ẹ̀rọ ata dákẹ́ kí àwọn èèyàn lè gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin ńlá tó ń tún ilẹ̀kùn kùn láti ọjọ́ yìí, tí kò rántí ṣí i!

Mo wá gba ilé lọ. Màmá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tó kù nínú ìrètí wọn ni mo fẹ́ pa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: pé kò sí fọ́tò níbì kankan, kò sí ohùn níbì kankan, pé inú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata ni gbogbo ẹ̀ wà látọjọ́ yìí.

Wọ́n dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

"Tún un sọ," ni wọ́n wí. "Kò gbọ́ mi?"

"Kò gbọ́ yín, Màmá. Kò gbọ́ yín rárá."

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹkún tí n kò rí láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sì tú jáde. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń ṣépè fún Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú kí n dákẹ́.

"Ọlọ́run ṣeun," ni wọ́n ń wí. "Ọlọ́run ṣeun o. Mo ti rò pé ó gbọ́ mi tó dákẹ́ ni."